LED, QLED, OLED: èwo ni kí Tàǹtí Kétu gbé sí ṣọ́ọ̀bù?

Tàǹtí kan kọ̀wé sí mi láti Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti nǹkan mímu tútù lẹ́bàá títì, ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ṣí sílẹ̀ níwájú, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń wọlé tààrà. Ó fẹ́ ra tẹlẹ́ tuntun nítorí àwọn oníbàárà tó ń wá wo bọ́ọ̀lù, 250,000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn olóòwò mẹ́ta ní Kùtọnu. Èkíní ní kó gbé LED ínṣì 43, pé LED ti borí LCD tipẹ́. Èkejì ní QLED ínṣì 50 ni kó mú, pé QLED àti OLED, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀kẹta fi OLED ínṣì 55 kan hàn án, tòkunbọ̀, èyí táwọn ará Kùtọnu ń pè ní venu de France, ibi tó yẹ kó dúdú lára àwòrán ẹ̀ dúdú kirikiri, Tàǹtí ní ojú òun ò fẹ́ kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ta ló ń purọ́ fún mi, èwo sì ni kí n rà?"

Tàǹtí mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn. Ẹni àkọ́kọ́ purọ́ láìmọ̀, ẹnì kejì mọ̀ kó tó purọ́, ẹnì kẹta ò purọ́ rárá, ṣùgbọ́n tiẹ̀ gan-an lẹ ò gbọdọ̀ rà. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, torí n ò fẹ́ kẹ́ ẹ kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gba tiwọn gbọ́.

Ẹ jẹ́ n mú yín wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Àjàṣẹ́ níbí, lọ́nà Wàńdò. Lóṣù tó kọjá bàbá kan gbé tẹlẹ́ ínṣì 32 wá, ó ní àwòrán ti kú, ohùn nìkan ló kù. Mo tan án, ohùn ń jáde lóòótọ́, ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pa gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo sún un mọ́ ojú tẹlẹ́ náà, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, mo ní kí bàbá súnmọ́ ọn kó wò ó. Ó wò ó, ó rí obìnrin kan tó ń ka ìròyìn, fírífírí, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi, ẹnu ẹ̀ ń lọ. Bàbá fò sẹ́yìn, ó ní "Háà, ó wà níbẹ̀!" Mo ní ó wà níbẹ̀, àtùpà ẹ̀yìn ẹ̀ ló kú, àwòrán ò kú.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi mí wà nínú ìyẹn. Tẹlẹ́ tí wọ́n ń pè ní LED, LCD ni. Gíláàsì tó ń ya àwòrán níwájú ò lè tan iná kankan fúnra ẹ̀, àtùpà ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí LCD kọ́kọ́ ń wọlé wa, àtùpà yẹn jẹ́ ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìbátan ọ̀pá iná funfun gígùn tẹ́ ẹ mọ̀ nínú pálọ̀. Nígbà tó yá wọ́n yọ àwọn ọ̀pá yẹn, wọ́n fi gílóòbù LED kéékèèké rọ́pò ẹ̀, tẹlẹ́ wá fẹ́lẹ́, kúráǹ tó ń jẹ dín kù, àwọn tó ń tà á sì yí orúkọ padà lára páálí. Torí náà ẹni tó bá sọ pé LED ti borí LCD, bí ẹni tó ní ìrẹsì tí wọ́n fi gáàsì sè ti borí ìrẹsì ni, ìrẹsì ò yí padà, ohun tí wọ́n fi sè é ló yí padà.

Gíláàsì tó wà níwájú yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ mọ fèrèsé náko, èyí tó ní gíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ máa fa irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó ṣí tàbí kó dé? Ẹ ronú pé náko tíntìntín ló kún ojú tẹlẹ́ yín. Píksẹ́lì ni wọ́n ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń para pọ̀ di àwòrán. Lórí Full HD, píksẹ́lì 1,920 ló wà láti ọ̀tún dé òsì, 1,080 ló wà láti òkè délẹ̀, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Tí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ ta omi kan, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, sójú fóònù yín níbi tó funfun, ẹ ó rí i pé funfun ò sí níbẹ̀, àwọ̀ mẹ́ta yẹn nìkan lẹ ó bá. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náko nínú wọn ni wọ́n ń pè ní kírísítáàlì olómi. Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ará Austria, ló kọ́kọ́ kíyè sí irú ẹ̀ ní Prague lọ́dún 1888, inú kárọ́ọ̀tì ló ti fa èròjà tó fi ṣe é (ẹ ò rí i, kárọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ń rẹ́ sínú sàláàdì), ó gbé e kaná, ó yọ́ ní ìwọ̀n ooru 145.5, ṣùgbọ́n ó rú bí omi ògì, ó tó dé 178.5 kó tó wá mọ́ gaara. Nǹkan tó ń ṣàn bí omi tó tún ń tò bí òkúta. Ó tó ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó rí i lò: ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ló fi ojú LCD àkọ́kọ́ han àwọn oníròyìn lọ́dún 1968, George Heilmeier àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe é. Téèyàn bá ta kúráǹ díẹ̀ sí i, á yí padà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ẹ̀ kọjá á pọ̀ sí i tàbí kó dín kù.

Ẹ̀yin náà mọ náko. Bó ti wù kẹ́ ẹ dé e tó, ìmọ́lẹ̀ á ṣì máa yọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni LCD, ìdí nìyẹn tí dúdú ẹ̀ kì í fi dúdú tán, ó máa ń dà bí eérú nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Irú méjì ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí, IPS àti VA. IPS máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jò ju ti VA lọ, funfun ẹ̀ fi bí ìlọ́po 1,000 mọ́lẹ̀ ju dúdú ẹ̀ lọ. VA máa ń dé dáadáa, tiẹ̀ tó ìlọ́po 3,000, òmíràn ń lọ sí 5,000. (Tí ẹ bá rí 1,000,000 lára páálí, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ kọjá, wọ́n pa àtùpà ẹ̀yìn kí wọ́n tó wọn dúdú nìyẹn.) Ẹ lè wá ní ẹ fẹ́ VA. Ẹ dúró ná. VA dára fún ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ á ṣí, ojú èèyàn dúdú á máa dà bí ojú ẹni tó fi àtíkè pa. IPS ò bìkítà, ibi tí ẹ bá jókòó sí, àwọ̀ ẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀. Irú kẹta kan wà, TN, ó wà nínú àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú. Tí wọ́n bá gbé ìyẹn kọ́ sókè tí ẹ wà nísàlẹ̀, funfun á di dúdú, dúdú á di funfun, mo ti rí i tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù dà bí iwin.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù yín. Èèyàn jókòó síwájú, èèyàn jókòó sápá ọ̀tún àti òsì, àwọn kan dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà wọn tí wọ́n ń yọjú. Dúdú ò jẹ́ nǹkankan níbẹ̀ torí oòrùn wà níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá dúdú dúdú tán? Ẹ̀gbẹ́ ló ṣe pàtàkì, àti kí iná ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Ti ẹni tó ń wo fíìmù lálẹ́ nínú yàrá, tó ti pa gílóòbù, yàtọ̀ sí tiyín pátápátá, ìyẹn ni mo máa sọ fún pé kó wá VA.

QLED wàyí, ẹni tó mọ̀ kó tó purọ́. Q kì í ṣe O, LCD lòun náà, náko kan náà, àtùpà ẹ̀yìn kan náà. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé wọ́n tẹ́ ewé tínrín kan sí àárín àtùpà àti náko, nínú ewé yẹn ni àwọn hóró kan wà tí wọn ò ju nánómítà díẹ̀ lọ, irun orí yín tó bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin nánómítà ní ìbú. Tí iná búlúù bá bà wọ́n, àwọn tó kéré á tan àwọ̀ ewé, àwọn tó tóbi díẹ̀ á tan pupa, títóbi wọn nìkan ló ń pinnu àwọ̀ tí wọ́n máa tàn, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu títí dòní. Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì lórí ẹ̀ lọ́dún 2023. Ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ lókun gan-an, koríko pápá á tutù yọ̀yọ̀, jẹ́ẹ̀sì àwọn Guépards, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Benin wa, á tàn. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n kò sọ LCD di OLED, páálí tí wọ́n tẹ QLED sí lára lọ́jà wa sì pọ̀ ju QLED tó wà nínú wọn lọ, mo ti tú òmíràn rí tí n ò bá ewé kankan níbẹ̀ ju ọ̀rá funfun lásán lọ.

Kí n tó dé orí OLED, ẹ jẹ́ n rántí èyí tó ń tan iná fúnra ẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tẹlẹ́ onídìí ńlá. Ferdinand Braun ní Jámánì ló ṣe ọ̀pá gíláàsì irú ẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1897. Nínú tẹlẹ́ aláwọ̀, ìbọn mẹ́ta wà nídìí ẹ̀ tó ń yin iná sójú gíláàsì níwájú, ibi tó bá bà á tàn. Fóltéèjì tó ń fa iná yẹn ń lọ sí bí 25,000. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan, "Tẹlẹ́ tí wọ́n ti yọ wáyà ẹ̀ kò tíì sùn," torí kúráǹ ń sá pamọ́ sínú gíláàsì ẹ̀, ó lè gbá yín lẹ́yìn wákàtí púpọ̀. Èmi ò gbọ́ràn lọ́jọ́ kan, apá òsì mi mọ̀ ọ́n. Ẹ lè jókòó sí ibikíbi kẹ́ ẹ wò ó, àwòrán ò yí padà, dúdú ẹ̀ sì dáa, ó wuwo ṣá, èèyàn méjì ló ń gbé ínṣì 29. Plasma tẹ̀ lé e. Yunifásítì Illinois ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1964, afẹ́fẹ́ neon àti xenon ló ń jó nínú ẹ̀. Ó rẹwà, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbóná bí ààrò, ínṣì 42 ẹ̀ lè jẹ wáàtì 200 sókè, nígbà tí ọdún 2014 fi máa parí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe é ti jáwọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta plasma fún yín, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

OLED ò ní náko, kò ní àtùpà ẹ̀yìn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, òun fúnra ẹ̀ ni àtùpà. Tí ibì kan bá yẹ kó dúdú, àtùpà ibẹ̀ á kú pátápátá, ó tán, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó máa jò. Ohun tó di ojú yín mú ní Kùtọnu nìyẹn, n ò sì dá yín lẹ́bi, èmi náà máa ń dúró níwájú ẹ̀ tí mo bá lọ ra ẹ̀yà ara tẹlẹ́. Ching Tang àti Steven Van Slyke ní Kodak, ní Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀nà ẹ̀ hàn lọ́dún 1987. Ó pẹ́ kó tó di tẹlẹ́: èyí tí Sony kọ́kọ́ tà lọ́dún 2007, ínṣì 11 péré ni, ìgbà tó di 2013 ni LG tó gbé ínṣì 55 jáde. Lọ́dún 2022 ni àwọn Samsung wá pa OLED pọ̀ mọ́ àwọn hóró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn nìkan ni ibi tí Q àti O ti pàdé lóòótọ́.

Kí ló wá dé tí mo ní ẹ má rà á? Èròjà tó ń tàn nínú OLED máa ń gbó bí wọ́n ṣe ń lò ó, ti búlúù ló ń yára gbó jù. Tí gbogbo ojú ẹ̀ bá ń gbó bákan náà, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ọ̀lù: igun òkè, iye góòlù àti ìṣẹ́jú, ibì kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igun kejì, àmì tẹlẹfíṣọ̀n tó ń gbé e jáde, kì í kúrò. Wákàtí méjìlá lójúmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, iná ẹ̀ lókè pátápátá nítorí oòrùn. Mo mọ ọkùnrin kan tó ní ilé ọtí, ó gbé OLED kan wá sọ́dọ̀ mi, ó ní àbààwọ́n kan wà lójú ẹ̀ tí kò ṣeé nù. Mo tan ojú ẹ̀ sí eérú lásán láti orí fóònù, gbogbo wa nínú ṣọ́ọ̀bù ló lè ka àmì tẹlẹfíṣọ̀n tó ń gbé bọ́ọ̀lù jáde, lẹ́tà dé lẹ́tà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Tòkunbọ̀ sì ni tiyín, ẹ ò mọ pálọ̀ ta ni ó ti jókòó sí ní Yúróòpù, ẹ ò mọ wákàtí mélòó ló ti lò.

Èyí táwọn olóòwò ò ní sọ fún yín rèé: OLED máa ń wẹ ara ẹ̀. Ti LG, tó bá ti ṣiṣẹ́ bí wákàtí mẹ́rin, lẹ́yìn tí ẹ bá fi rìmóòtù pa á, ó máa ń lo ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú òkùnkùn láti tún àwọn píksẹ́lì ẹ̀ ṣe, ó ní láti wà lára kúráǹ kó tó lè ṣe é. Nílé wa ńkọ́? A pa tẹlẹ́ tán, a fa wáyà yọ lára ògiri lójú ẹsẹ̀ nítorí àrá àti nítorí kúráǹ tó máa lọ tó máa fi agbára padà. Ó dáa fún LCD. OLED tí wọ́n ń fa wáyà ẹ̀ yọ lálaalẹ́, kò ráyè wẹ̀ rárá.

Mini-LED wà, TCL ló kọ́kọ́ tà á lọ́dún 2019, LCD náà ni ṣùgbọ́n àtùpà ẹ̀yìn ẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n pín wọn sí agbo agbo tí wọ́n lè pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ni kí èèyàn pa gílóòbù ẹ̀yìn náko níbi tí kò nílò ẹ̀. Ó mọ́lẹ̀, ó dúdú, ó sì dáa fún ibi olóòrùn, ṣùgbọ́n 250,000 ò tíì lè ra èyí tó ṣeé rà lọ́wọ́ àwọn tí mo mọ̀. MicroLED, ẹ gbàgbé ẹ̀, ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rà á.

Ojú tí mo fi wò ó, LCD tuntun ínṣì 43, IPS, Full HD tàbí 4K (píksẹ́lì ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD) tí owó bá tó, ẹ má dàmú lórí Q. Wọn kì í kọ IPS tàbí VA sára páálí, torí náà ẹ fojú ara yín wádìí. Ẹ ní kí wọ́n tan án síbi tí ojú èèyàn wà, ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ẹ̀yìn ẹ̀. Tí ojú onítọ̀hún bá ṣì rí bó ṣe rí níwájú, IPS ni. Tó bá ṣí bí aṣọ tí wọ́n fi omi ìfọṣọ líle fọ̀, VA ni. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n yí i sí ìkànnì tí kò sí àwòrán kankan kí ojú ẹ̀ dúdú, ẹ wo àwọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ibì kan mọ́lẹ̀ ju ibì kan lọ. Olóòwò tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe méjèèjì yìí, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

4K ńkọ́, ṣé dandan ni? Ínṣì 43 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 95. Tí ẹ bá pín in sí 1,920, píksẹ́lì kan ò tó ìdajì mílímítà, ojú tó dá ṣáká ò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ tó bá ti jìnnà tó bí mítà 1.7. Oníbàárà yín tó súnmọ́ ọn jù ńkọ́? Mítà mẹ́ta, mẹ́rin, ìgò bíà wà láàárín. Bọ́ọ̀lù tó ń tinú dẹ́kódà jáde fúnra ẹ̀ kì í sábà jẹ́ 4K. Nípa héétìsì, iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n ń kọ sára páálí, 200, 800, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, 50 àti 60 ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ wo àkójọ wáàtì lẹ́yìn ẹ̀. Ínṣì 43 LCD máa ń wà láàárín 60 sí 90. Tí ẹ bá ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì, bí mo ṣe ń rí i tó ń pọ̀ sí i lọ́nà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ìyẹn rọrùn fún un, ó lè gbé ìdíje kan dópin kí fìríìjì tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Nínú 250,000 yẹn, ẹ yọ owó régulateur, ẹ̀rọ tó ń mú kúráǹ dúró déédéé, sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ti tẹlẹ́. Mo sọ ọ́ báyìí fún gbogbo èèyàn, wọ́n á ní àwọn máa padà wá rà á, àwọn náà ló ń gbé páwà tó jó wá. Ọ̀pọ̀ tẹlẹ́ òde òní lè gba kúráǹ tó bá lọlẹ̀, wọ́n kọ 100 sí 240 sí i lẹ́yìn; èyí tó ń pa wọ́n ni kúráǹ tó lọ tó tún já dé lójijì, pẹ̀lú ìgbónára. Ẹ ra èyí tó máa dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tú kúráǹ sílẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e kọ́: ẹ má gbé e sí ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí ìta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á kàn án lójú, àwọn oníbàárà á máa rí ara wọn àti àwọn ọ̀kadà tó ń kọjá dípò bọ́ọ̀lù. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ló dáa. Kírísítáàlì tí mo sọ pé ó ń mọ́ gaara tó bá gbóná, èyí tó wà nínú tẹlẹ́ náà ní ìwọ̀n ooru tí kò gbọdọ̀ kọjá, oòrùn tó bá jó gíláàsì ẹ̀ ní gbangba lè sọ apá kan ojú ẹ̀ di dúdú, tó bá tutù á padà, ṣùgbọ́n àwọn ewé inú ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ dà á síwájú díẹ̀ tó bá ga. Eruku ọyẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ múlọ́múlọ́ nù ún, ẹ má fi omi ọṣẹ tí ẹ fi fọ tábìlì nù ún, omi á ṣàn wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ sára àwọn wáyà ọlọ́rá, ìlà ìdúró á sì yọ lójú ẹ̀ títí ayé.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Bí ẹ bá tan án, ó máa wà lórí èyí tí wọ́n ń pè ní Vivid, iná ẹ̀yìn á wà ní 100. Ẹ wọ inú ìtò ẹ̀, ẹ wá backlight, ẹ fà á wá sí 70 lọ́sàn-án, 50 lálẹ́. Mo tú tẹlẹ́ méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀, àtùpà ẹ̀yìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń bá. Wọ́n tò wọ́n lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì kékeré lórí bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, wọ́n so wọ́n pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan bá jó, gbogbo ìlà kú, tẹlẹ́ á máa sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn bíi ti bàbá yẹn. Tí àwọn bọ́tìnnì bá jábọ́ nítorí ooru, ẹ ó rí àmì funfun róbótó róbótó lójú àwòrán. Tí gbogbo ojú ẹ̀ bá sì di búlúù bí omi aró, mo mọ̀ kí n tó tú u: LED funfun ò sí láyé yìí, LED búlúù ni wọ́n fi èròjà yẹ́lò bò kó lè funfun, ooru ti jó yẹ́lò yẹn tán. LED búlúù yìí gan-an ṣòro láti ṣe, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ló gba Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2014, bí wọn ò bá ṣe é, ọ̀pá gíláàsì là bá ṣì máa pààrọ̀.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá T2, ẹ̀yà tó ń gba tẹlẹfíṣọ̀n orí àńtẹ́nà, wà lára ẹ̀, kó lè gba TNT láìsí dẹ́kódà, ìyẹn dín owó àti wáyà kù.

Ẹ ò tíì bi mí nípa bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e délé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tẹlẹ́ ti ń kú. Láti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọbẹ̀ dé Kétu, ẹ dúró ṣinṣin, páálí ní ìnàró, kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀, kò gbọdọ̀ sí àpò ìrẹsì lórí ẹ̀, zẹ́mìjàn ò sì gbọdọ̀ gbé e lórí ìtan èèyàn tó jókòó sẹ́yìn. Gíláàsì yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, tó bá dùbúlẹ̀ tí mọ́tò bọ́ sínú kòtò kan, ó tán.

Tí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, kẹ́ ẹ tó ka owó, ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí nọ́ńbà àwòṣe (model) ẹ̀, wáàtì àti fóltéèjì wà, ẹ tún ya ojú ẹ̀ nígbà tí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń jí láti aago mẹ́fà, n ó dá yín lóhùn kí olóòwò tó di páálí padà.